Ta ni Ó Sọ Àgbàdo Wa di Funfun?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo jẹ ọmọ kan ní gbèsè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbọ́ bí gbèsè náà ṣe dé ọrùn mi, nítorí pé gbangba ni mo ti jẹ ẹ́, gbangba náà ni mo sì fẹ́ san án.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí rọ̀, kíláàsì mi gbin àgbàdo sí ọgbà ilé-ìwé. Olúkúlùkù ọmọ ni ó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, olúkúlùkù ni ó sì mú irúgbìn wá láti ilé. Ọmọkùnrin kan tí ó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ mú ṣùkù àgbàdo kan ṣoṣo wá. Ṣùkù náà tóbi, ó kún dáadáa, èéfín àjà sì ti pa á lára dà. Ọmọ náà fi ń yangàn láàrín ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí a gbìn ín ni àwọn ọmọ sáré wá pè mí. Mo dé ibẹ̀, mo rí i pé nínú ẹsẹ̀ ọmọ yìí nìkan, àwọn èhù kan funfun báláú bí òwú, láti ìdí títí dé ṣóńṣó ewé, láàrín àwọn mìíràn tí ó tutù yọ̀yọ̀.

Ara fu mí lójú ẹsẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, ọmọ yìí kan náà ni mo rán pé kí ó gbé ike oògùn tí a fi ń pa koríko lọ sí ẹ̀yìn ilé, iṣẹ́ tí kò yẹ kí àgbà rán ọmọdé rárá. Mo bi í bóyá ó da díẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Rárá, sà, n kò dà á sílẹ̀." Mo ní irọ́ ni ó ń pa. Mo ní kí ó máa ro koríko fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì pè é ní onírọ́ lójú gbogbo kíláàsì.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá ìyá rẹ̀ wá bá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kò pariwo rárá. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ wa. Ọmọ mi yìí kì í purọ́ fún mi. Bí ẹ bá fẹ́ bá ẹnì kan wí, èmi ni kí ẹ bá wí, nítorí pé èmi ni mo ni irúgbìn náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe lẹ́yìnkùlé mi ní èṣí. Àwọn ará àdúgbò ní ọwọ́ ayé ni, wọn kò sì rà á lọ́wọ́ mi mọ́." Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì fún ọdún mọ́kànlá, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Mo padà sínú ọgbà, mo ka àwọn èhù náà, ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe kí n tó bínú. 48 ni ó hù, 11 nínú wọn ni ó funfun. Mo tọrọ ìyókù ṣùkù náà lọ́wọ́ Ìyá, mo gbin wóró 40 sínú àwọn agolo mílíìkì nílé mi, nínú iyẹ̀pẹ̀ tí mo bù láti ibòmíràn, omi òjò nìkan ni mo sì fi ń bomi rin wọ́n. 39 hù. Mẹ́sàn-án funfun. Nínú ọgbà àti nínú agolo, ó súnmọ́ kí ọ̀kan funfun nínú mẹ́rin. Ẹ̀yin ará, oògùn tí ó dà sílẹ̀ kì í mọ ìṣirò. Ohun tí ó bá pa ẹyọ kan tí ó sì dá mẹ́ta sí, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, láti inú irúgbìn ni ó ti wá.

Kí ni ó wá sọnù lára èhù funfun? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú ilẹ̀ ni àgbàdo ti ń fa oúnjẹ. Omi àti iyọ̀ ilẹ̀ ni gbòǹgbò ń fà. Inú ewé ni a ti ń se oúnjẹ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ tí ń sọ ohun tíntín di ńlá wo ewé, ẹ ó rí i pé yàrá wẹ́wẹ́ ni a fi kọ́ ọ, èyí tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ni àwọn hóró kéékèèké wà, nínú ewé mìíràn wọ́n ju 100 lọ nínú yàrá kan. Chloroplast ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Èmi yóò máa pè wọ́n ní hóró ewé. Inú wọn nìkan ni àwọ̀ tútù ewé wà; ìyókù yàrá náà mọ́ gaara bí omi. Àwọn ni wọ́n ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tí wọ́n fi ń tú omi palẹ̀, tí oxygen tí à ń mí sínú fi ń jáde, tí wọ́n sì ń fi agbára oòrùn náà sọ carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ di ṣúgà. Ṣúgà yìí ni ó ń di pòròpórò, tí ó ń di gbòǹgbò, tí ó ń di ṣùkù tí a ń sè jẹ.

Èhù funfun ní gbòǹgbò, ó ní omi, ilẹ̀ ọgbà wa sì lọ́ràá, ṣùgbọ́n ààrò rẹ̀ kò jó. Oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ dì fún un sínú wóró àgbàdo ni ó ń jẹ. Nígbà tí ìyẹn bá tán, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ebi ni yóò pa á kú láàrín ọ̀sán gangan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn tiwa ṣe kú.

Nísinsìnyí ni mo dé ibi tí ó yà mí lẹ́nu jù. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ni ó ní ìwé àṣẹ nínú ara rẹ̀, tí ó ń sọ bí yóò ti rí àti bí yóò ti dàgbà. DNA ni a fi kọ ọ́, àṣẹ kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú rẹ̀ ni à ń pè ní jíìnì. Ìwé ńlá wà ní àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, ìlàjì rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìlàjì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ṣùgbọ́n hóró ewé ní ìwé kékeré tirẹ̀ lọ́tọ̀! Ní 1962 ni Hans Ris àti Walter Plaut ní Amẹ́ríkà fi hàn pé DNA wà nínú hóró ewé. Ní 1986, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan ka ìwé kékeré ti ewé tábà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: lẹ́tà bíi 156,000 ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Wọ́n ka ti àgbàdo ní 1995, bíi 140,000. Wọ́n sì ka ti ẹ̀gẹ́ ní 2008, bíi 161,000. Kékeré ni lóòótọ́, nítorí pé lẹ́tà ìwé ńlá àgbàdo lé ní 2,000,000,000. Jíìnì inú ìwé kékeré kò ju bíi 100 sí 130 lọ.

Báwo ni hóró ewé ṣe ní ìwé tirẹ̀? Àlejò ni tẹ́lẹ̀. Ó lé ní bílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn tí ó jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí tíntín tí ń dá gbé nínú omi, ẹbí àwọn tí à ń pè ní cyanobacteria títí di òní. Sẹ́ẹ̀lì kan gbé e mì, kò sì dà nínú rẹ̀. Ará Rọ́ṣíà kan, Mereschkowski, ti sọ ọ̀rọ̀ yìí ní 1905, àwọn ènìyàn kò sì kà á sí fún ọjọ́ pípẹ́. Àlejò náà di ará ilé. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn jíìnì rẹ̀ ṣí lọ sínú ìwé ńlá onílé, àwọn díẹ̀ ni ó sì kù sí i lọ́wọ́.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fura pé àwọ̀ ewé ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó ń gbà jogún ni Carl Correns ará Jámánì, ní 1909. Kò rí DNA, kò mọ̀ ọ́n. Òdòdó ni ó fi ṣe é, òdòdó tí púpọ̀ nínú wa sì mọ̀ níwájú ilé: tannápoṣó, èyí tí kì í là títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀. Correns ní irú kan tí ẹ̀ka rẹ̀ kò dọ́gba: ẹ̀ka kan tutù, ẹ̀ka kan funfun, ẹ̀ka mìíràn sì ní àwọ̀ méjèèjì papọ̀. Ẹ̀ka funfun kì í kú lórí igi náà nítorí pé àwọn ẹ̀ka tí ó tutù ń bọ́ ọ. Ó bu ìyẹ̀ òdòdó ẹ̀ka funfun, ó fi sí òdòdó ẹ̀ka tútù. Ó bu ti tútù, ó fi sí ti funfun. Ó ṣe é ní gbogbo ọ̀nà tí ó lè gbà ṣe é. Ẹ sì mọ̀ pé ìyẹ̀ ni bàbá, òdòdó tí ó gbà á tí ó sì so èso ni ìyá.

Kò sí ohun tí bàbá ṣe tí ó yí i padà. Èso orí ẹ̀ka tútù bí ọmọ tútù, ìbáà ṣe ẹ̀ka funfun ni bàbá wọn. Èso orí ẹ̀ka funfun bí ọmọ funfun, gbogbo wọn sì kú. Èso orí ẹ̀ka aláwọ̀ méjì bí gbogbo oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìní ìṣirò.

Àwa Yorùbá mọ ọbàkan, a sì mọ iyèkan. Ọ̀rọ̀ iyèkan gan-an nìyí. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun ọ̀gbìn, ìyẹ̀ òdòdó kì í gbé hóró ewé wá sínú ọmọ, tàbí kí ìwé inú rẹ̀ ti run kí ó tó dé. Ti ìyá nìkan ni ọmọ ń jogún. (Kì í ṣe gbogbo igi o. Ní ọdún 1909 kan náà ni Erwin Baur rí i nínú òdòdó geranium pé bàbá àti ìyá ni ó ń fún ọmọ; nínú igi páìnì, ti bàbá ni ó sábà máa ń jẹ́. Ayé kì í ní àṣà kan ṣoṣo.)

Ẹnì kan yóò wá bi mí pé, "Tíṣà, ṣé ẹ̀bi ìyá ni àgbàdo ilé-ìwé yín nígbà náà?" Rárá. Iye rẹ̀ ni ó sọ fún mi. Bí ó bá jẹ́ ti ìwé kékeré, kì bá tí ṣe ọ̀kan nínú mẹ́rin níbi méjèèjì. Ọ̀kan nínú mẹ́rin jẹ́ ìṣirò ti ìwé ńlá, èyí tí àlùfáà Gregor Mendel tẹ̀ jáde ní 1866: àbùkù kan farapamọ́ sára bàbá, ó farapamọ́ sára ìyá, àwọn méjèèjì tutù, ọmọ tí ó bá gba àbùkù náà láti ọwọ́ méjèèjì ni ó ń funfun. Mo bi Ìyá nípa oko rẹ̀. Ó ní ẹ̀yìnkùlé ni, kò ju igi díẹ̀ lọ, ṣùkù tí ó bá tóbi jù ni òun ń fi pamọ́ lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ yé mi. Lẹ́yìnkùlé yẹn, ìbátan ti ń fẹ́ ìbátan fún ọdún púpọ̀, ohun tí àwọn bàbá wa kọ̀ fún ènìyàn.

Ṣùgbọ́n bí àbùkù bá wà nínú ìwé ńlá, kí ni ó kan hóró ewé? Ó kàn án gidigidi, nítorí pé ìwé méjèèjì kò lè ṣe iṣẹ́ láìsí ara wọn. Ẹ wo òṣìṣẹ́ tí ó ń mú carbon dioxide láti inú afẹ́fẹ́. Rubisco ni orúkọ rẹ̀. Apá ńlá mẹ́jọ àti apá kékeré mẹ́jọ ni a fi tò ó. Àṣẹ apá kékeré wà nínú ìwé ńlá, àṣẹ apá ńlá wà nínú ìwé kékeré. Chan àti Wildman ní Amẹ́ríkà fi hàn nínú tábà ní 1972 pé apá ńlá náà ń tọ ìyá lẹ́yìn. Bí ọ̀kan kò bá sí, èkejì kò wúlò. Òṣìṣẹ́ yìí kì í sì í yára: nínú ohun ọ̀gbìn, kò ju bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ tí ó ń mú carbon dioxide ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyẹn tí ewé fi ń kó o jọ lọ́pọ̀ yanturu.

Síwájú sí i, àwọn tí ó ń ka ìwé kékeré fún hóró ewé, láti ìwé ńlá ni a ti ń rán púpọ̀ nínú wọn wá. Bí òǹkàwé bá fọ́jú, kí ni ìwé tí ó pé yóò ṣe? Nínú àwọn kan lára irú àgbàdo funfun tí a mọ̀ ní ayé, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Èyí tí ó ṣe àjèjì jù ni àgbàdo tí wọ́n ń pè ní iojap, tí Marcus Rhoades ròyìn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1943. Nínú ìwé ńlá ni àbùkù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ti ba hóró ewé jẹ́ tán, hóró náà kì í tún bọ̀ sípò mọ́. Ọmọ tí ó gba jíìnì pípé láti ọ̀dọ̀ bàbá lè funfun síbẹ̀, nítorí pé hóró tí ó ti bàjẹ́ ni ìyá fi lé e lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí oògùn tí mo fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan ọmọ ọlọ́mọ. Atrazine ni ó wà nínú ike náà. Bí mo bá ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, n kì bá tí sọ ohun tí mo sọ. Nínú hóró ewé, òṣìṣẹ́ kan wà tí à ń pè ní D1, tí ó wà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń di agbára. Àṣẹ rẹ̀ wà nínú ìwé kékeré. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà náà ni ó ń bà á jẹ́; bí oòrùn bá mú ganrínganrín, ó lè máà pé wákàtí kan tí a ó fi ṣe òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí alágbẹ̀dẹ tí ń rọ irinṣẹ́ tuntun bí èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń kán, bẹ́ẹ̀ ni hóró ewé ń ṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́. Àwọn onímọ̀ kan rò pé ìdí nìyí tí àwọn jíìnì bí èyí kò fi ṣí lọ sínú ìwé ńlá: ìwé náà ní láti wà nítòsí iṣẹ́.

Ara D1 yìí ni atrazine ń lẹ̀ mọ́ tí ó fi ń dá iṣẹ́ dúró, tí koríko fi ń pọ́n tí ó ń gbẹ. Àgbàdo kì í sábà kú nípa rẹ̀, nítorí pé ó ní ọ̀nà tí ó ń gbà sọ oògùn náà di aláìlágbára nínú ara rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn àgbẹ̀ fi ń fọ́n ọn sí oko àgbàdo láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ní 1970, ìròyìn jáde láti ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà pé koríko kan tí wọ́n ń pè ní groundsel kò kú mọ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ́n atrazine àti simazine, ẹgbẹ́ rẹ̀, fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí wọ́n wádìí irú koríko bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yí padà nínú jíìnì D1. Lẹ́tà kan! Oògùn kò rí ibi lẹ̀ mọ́ mọ́. Ìyá koríko sì ń fi í lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò wá ṣàìsan owó fún un o: irú koríko bẹ́ẹ̀ kì í sábà dàgbà tó ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí kò bá sí oògùn, nítorí pé iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti falẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá ń fọ́n oògùn kan náà lọ́dọọdún, kí ó rántí koríko Washington.

Ẹ má sì ṣe rò pé gbogbo ewé tí ó bá ní funfun lára ni ó jogún rẹ̀. Bí ilà wẹ́wẹ́ funfun tàbí pupa rúsúrúsú bá ń là lórí ewé àgbàdo tí ó hù ní tútù, àrùn ni, kòkòrò tíntín tí ń fò láti ewé dé ewé ni ó ń gbé e kiri. Kì í gba inú irúgbìn kọjá, àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn sì ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ láti mú àgbàdo tí ó lè dúró dè é jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé ẹ̀gẹ́ tí ó ká kò tí ó sì ní àbàwọ́n: àrùn ni, ṣùgbọ́n ìyẹn ń bá igi tí a gé gbìn lọ, kí ẹ má ṣe gé e fún ọdún tí ń bọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo kó àwọn agolo mi, mo gbé wọn lọ sí ilé Ìyá. Àwọn aládùúgbò pé jọ. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kò sí ohun tí ó ṣe àgbàdo náà ní jíjẹ, pé irúgbìn nìkan ni kí Ìyá pààrọ̀, kí ó mú un láti ara ṣùkù púpọ̀ lóko ẹlòmíràn, kí ó má ṣe mú un láti ara ẹyọ kan mọ́. Bàbá kan ní, "Tíṣà, ìwé ni ẹ kà, ẹ kò mọ ayé," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Obìnrin alágbo ògì kan wo àwọn agolo náà títí, ó ka funfun, ó ka tútù, ó sì ní kí Ìyá wọn kóńgò méjì fún òun.

Ní Mọ́ńdè, mo pe ọmọ náà síwájú kíláàsì, mo sì sọ fún gbogbo wọn pé òótọ́ ni ó sọ, èmi ni mo ṣẹ̀. Ó ní, "Kò burú, sà." Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé, "Sà, àwọn tí ó tutù ńkọ́? Ṣé funfun wà nínú tiwọn náà?" Mo ní bí ẹ bá mú mẹ́ta nínú àwọn tútù, a retí pé kí méjì gbé e pamọ́. Ó ní àwọn wo? N kò lè fi ojú mọ̀ wọ́n, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ojú mọ̀ wọ́n. A ti wá yan igi 12 nínú 37 tí ó kù nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. A fi àpò bébà bo ìrùkẹ̀rẹ̀ wọn, a bo ṣùkù wọn kí irun rẹ̀ tó yọ, ọwọ́ ọmọ náà ni ó sì ń gbọn ìyẹ̀ igi kọ̀ọ̀kan sí ṣùkù ara rẹ̀. Bí a bá gbin wọ́n ní òjò àrọ̀kúrò, èyí tí ó bá bí funfun yóò jẹ́wọ́.

Bí tannápoṣó aláwọ̀ méjì bá wà níwájú ilé ẹnikẹ́ni nínú yín, mo bẹ̀ yín, ẹ so òwú mọ́ ẹ̀ka funfun kan, ẹ ṣa èso dúdú rẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ gbìn ín, kí ẹ sì kọ̀wé sí olóòtú láti sọ ohun tí ẹ rí.

Ọmọ náà ti ka ọ̀rọ̀ yìí kí n tó fi ránṣẹ́. 40 ni mo kọ́kọ́ kọ pé ó hù nínú àwọn agolo. Òun ni ó ní kí n tún un ṣe, pé 39 ni.